Ẹ Má Gbé Ẹrù Lé Ìyá Àgbà Lórí Láìfún Un Ní Òṣùká

Bíbélì kíkà: Jẹ́nẹ́sísì 48:1-20, Rúùtù 4:13-17, 2 Tímótì 1:3-7

Ní oṣù yìí, ọ̀rọ̀ àwọn òbí àgbà ni a fẹ́ kí a jọ yẹ̀ wò, pàápàá àwọn ìyá àgbà àti bàbá àgbà tí ọmọ ọmọ wà lọ́wọ́ wọn nígbà tí àwọn tí ó bí ọmọ náà wà ní ọ̀nà jíjìn. Ọ̀rọ̀ náà ti kúrò ní ọ̀rọ̀ ilé kan tàbí méjì ní agbègbè wa.

Ẹnikẹ́ni tí ó bá dúró ní ẹnu ọ̀nà ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní Ìkòsì tàbí ní Kétu nígbà tí wọ́n bá ń jáde lọ́sàn-án yóò rí ohun tí a ń wí. Nínú àwọn tí ó wá mú ọmọ lọ sílé, kì í ṣe díẹ̀ ni irun wọn ti funfun. Ní ọjọ́ Ìsinmi pẹ̀lú, bí olùkọ́ àwọn ọmọdé bá ní kí òbí dìde kí ó wá gba ọmọ rẹ̀, ìyá àgbà ni ẹ ó rí tí yóò di orúnkún mú, tí yóò dìde díẹ̀díẹ̀, tí ọmọ mẹ́ta yóò sì sáré wá bá a.

Ilẹ̀ àtìpó ni agbègbè Kòsọ́fẹ́ yìí. Ọjà Mile 12 fa ọ̀pọ̀ ènìyàn wá: ẹni tí ń ta tòmátò, ẹni tí ń ta ata, ẹni tí ń ta iṣu, àwọn tí ń bá ọkọ̀ ẹrù bọ̀ láti Òkè Ọya, àwọn tí ó ti Ọ̀yọ́, Ọ̀ṣun àti Èkìtì wá, títí dé àwọn ará Kútọnu àti Tógò. Púpọ̀ nínú wa tí a ń sin Olúwa ní ìhín, ibòmíràn ni a ti wá. Nígbà kan rí, bí ọjà bá gba ìyá lọ́wọ́, a ó fi ọmọ ránṣẹ́ sí ìyá àgbà ní Ògbómọ̀ṣọ́ tàbí ní Ìkìrun. Nígbà tí ó yá, a bẹ̀rẹ̀ sí mú ìyá àgbà fúnra rẹ̀ wá sí Èkó kí ó wá bá wa wo ọmọ. Nísinsìnyí, àwọn ọmọ wa ti ré kọjá òkun, ìyá àgbà tí a mú wá láti ìlú ni ó kù ní Kétu pẹ̀lú àwọn ọmọ ọmọ. Ẹ má gbàgbé pé àtìpó ni òun náà. Ọ̀rẹ́ rẹ̀, ẹgbẹ́ rẹ̀ àti ẹbí rẹ̀ wà ní ìlú tí a ti mú un kúrò.

Òfin ilẹ̀ òkèèrè náà dá kún ọ̀rọ̀ yìí. Láti oṣù Kínní ọdún 2024, ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ tí ó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ń lọ kàwé ní ilé-ẹ̀kọ́ gíga ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kò lè mú ọkọ, aya tàbí ọmọ dání mọ́, àyàfi àwọn tí ń ṣe ẹ̀kọ́ oyè ìwádìí tàbí tí ìjọba ń san owó ẹ̀kọ́ wọn. Ní ọjọ́ 11 oṣù Kẹta ọdún 2024 kan náà, irú òfin bẹ́ẹ̀ bá àwọn tí ń lọ ṣe iṣẹ́ ìtọ́jú arúgbó àti aláìlera. Nígbà tí ó di oṣù Keje ọdún 2025, wọ́n ti ilẹ̀kùn gbígba òṣìṣẹ́ ìtọ́jú tuntun láti òkè òkun. Àwọn tí ó ti wọlé kí ilẹ̀kùn tó tì wà níbẹ̀, ọmọ àwọn mìíràn nínú wọn sì wà níhìn-ín. Ẹ wo bí ọ̀rọ̀ náà ti rí: ọmọ wa lọ ń tọ́jú arúgbó ẹlòmíràn ní Lọ́ńdọ̀nù, arúgbó tirẹ̀ sì ń tọ́jú ọmọ rẹ̀ ní Ìkòsì.

A kò kọ èyí láti dá ẹnikẹ́ni lẹ́bi. Ìrìn-àjò kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀. Jákọ́bù rìn, Rúùtù rìn, a sì gbé Olúwa wa pàápàá sá lọ sí Íjíbítì nígbà tí ó wà ní ọmọ ọwọ́. Ohun tí ó wà lọ́kàn wa ni èyí: ẹni tí a fi ọmọ tì, kí ni a fún un pẹ̀lú ọmọ náà?

BÍ KÒ BÁ SÍ ÀGBÀ NÍTÒSÍ

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ wo ẹ̀yìn díẹ̀, kí a lè mọ iyì ohun tí a ní. Láti nǹkan bí ọdún 1955 lọ, ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ láti Nàìjíríà, tí àwọn ọmọ Yorùbá pọ̀ nínú wọn, ni ó wà ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Tọkọtaya ń kàwé, wọ́n ń ṣiṣẹ́ alẹ́, yàrá kan ṣoṣo ni wọ́n sì ń gbé. Bí ọmọ bá dé, kò sí ìyá àgbà tí yóò wẹ̀ ẹ́, kò sí ẹni tí yóò pọ̀n ọ́n. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń fi ìkéde sínú ìwé ìròyìn kan tí à ń pè ní Nursery World, wọ́n ń wá ìdílé òyìnbó tí yóò gba ọmọ tọ́, wọ́n sì ń san owó fún un. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọmọ ni a tọ́ lọ́nà bẹ́ẹ̀. Àwọn kan bọ́ sí ọwọ́ ẹni rere, wọ́n rí ìfẹ́ gbà. Àwọn mìíràn rí ìyà tí ẹnu kò lè sọ tán.

Òṣèré fíìmù náà Adewale Akinnuoye-Agbaje, tí àwọn òbí rẹ̀ jẹ́ Yorùbá, tí a sì bí ní Lọ́ńdọ̀nù ní ọdún 1967, wà nínú wọn. Ìdílé òyìnbó kan ní Tilbury ni a fi í sí. Ó ti fi ìtàn ara rẹ̀ ṣe fíìmù tí ó ń jẹ́ Farming, èyí tí a kọ́kọ́ fi hàn ní ọdún 2018. Nígbà èwe rẹ̀, àwọn òbí rẹ̀ mú un wá sí Nàìjíríà, ṣùgbọ́n èdè kò yé e, ilé kò yé e, àwọn ènìyàn tirẹ̀ jọ àjèjì lójú rẹ̀, a sì tún dá a padà sí ọ̀dọ̀ àwọn tí ó gbà á tọ́. Ó dàgbà láìmọ ibi tí ó ti wá, ó sì kórìíra àwọ̀ ara rẹ̀ fún ìgbà pípẹ́.

Àwọn òbí ìgbà náà kò ní èrò búburú sí ọmọ wọn. Ẹ̀kọ́ ni wọ́n ń lépa, wọn kò sì ní àgbà nítòsí. Nítorí náà, bí ọmọ rẹ bá wà lọ́wọ́ ìyá tí ó bí ọ, tí ó mọ oríkì rẹ̀, tí ó mọ ìdí tí ẹ fi sọ ọ́ ní orúkọ tí ó ń jẹ́, tí ó sì ń kúnlẹ̀ gbàdúrà lé e lórí kí ó tó sùn, ohun iyebíye ni ó wà lọ́wọ́ rẹ. Má ṣe kà á sí ohun kékeré.

ILÉ JÓSẸ́FÙ NÍ ÍJÍBÍTÌ

Bíbélì kò dákẹ́ lórí ọ̀rọ̀ òbí àgbà ní ilẹ̀ àjèjì. Ẹni 130 ọdún ni Jákọ́bù nígbà tí ìyàn lé e sọ̀kalẹ̀ lọ sí Íjíbítì, ọdún 17 ni ó sì lò níbẹ̀ kí ó tó kú. Kí ó tó dé, Jósẹ́fù ọmọ rẹ̀ ti di ẹni ńlá ní ìlú onílùú, ó ti fẹ́ Ásénátì ọmọ àlùfáà Ónì, ó sì ti bí ọmọkùnrin méjì. Ẹ wo orúkọ tí ó sọ àkọ́bí: ó pè é ní Mánásè, nítorí ó ní Ọlọ́run ti mú kí òun gbàgbé ìyà òun àti ilé baba òun. Ọmọ tí orúkọ rẹ̀ ń sọ̀rọ̀ gbígbàgbé ilé baba! Irú ọmọ bẹ́ẹ̀ wà ní Lọ́ńdọ̀nù, ó wà ní Houston, ó sì wà ní Alápẹ̀rẹ̀ níhìn-ín pẹ̀lú. Ta ni Ọlọ́run lò láti so Mánásè àti Éfúráímù mọ́ ilé tí baba wọn ti jáde wá? Bàbá àgbà ni.

Nínú orí 48 ìwé Jẹ́nẹ́sísì, a fẹ́ kí ẹ ṣàkíyèsí ohun mẹ́rin.

Èkíní, Jósẹ́fù ni ó mú àwọn ọmọ rẹ̀ lọ bá bàbá àgbà. Iṣẹ́ Fáráò kò dí i lọ́wọ́. Òbí ni ó gbọ́dọ̀ la ọ̀nà láàárín ọmọ àti àgbà.

Èkejì, nígbà tí wọ́n dé ibẹ̀, Jósẹ́fù tí gbogbo Íjíbítì ń wárí fún dojú bolẹ̀ níwájú arúgbó tí kò ríran dáadáa mọ́. Àwọn ọmọ rẹ̀ sì ń wò ó. Láti ọjọ́ náà, kò sí ẹni tí yóò tún sọ fún Mánásè pé bàbá àgbà ni ó ju baba rẹ̀ lọ. Ó ti fi ojú ara rẹ̀ rí i.

Ẹ̀kẹta, èdè àìyedè dé. Jákọ́bù gbé ọwọ́ ọ̀tún lé àbúrò lórí, kò sì tẹ́ Jósẹ́fù lọ́rùn. Jósẹ́fù sọ èrò rẹ̀ pẹ̀lú ọ̀wọ̀, bàbá dá a lóhùn pẹ̀lú sùúrù pé òun mọ ohun tí òun ń ṣe. Jósẹ́fù kò fa àwọn ọmọ náà jáde nínú ìbínú, kò sì bú bàbá lójú wọn.

Ẹ̀kẹrin, Jákọ́bù pẹ̀lú mọ ààlà. Ó ka ọmọ méjèèjì mọ́ tirẹ̀ kí wọ́n lè ní ìpín nínú ogún, ṣùgbọ́n ó sọ ọ́ kedere pé àwọn tí Jósẹ́fù bá bí lẹ́yìn wọn, ti Jósẹ́fù ni. Kò gba ipò baba lọ́wọ́ ọmọ rẹ̀.

Bí ilé wa bá lè di ohun mẹ́rin yìí mú, ìjà inú ilé yóò dínkù.

ÒṢÙKÁ NÁÀ

Àwọn ìyá wa tí ń ru ẹrù ní Mile 12 mọ èyí ju wa lọ: a kì í gbé ẹrù lé orí lásán. Aṣọ ni a ó ká, a ó fi ṣe òṣùká, kí a tó gbé apẹ̀rẹ̀ lé e. Òṣùká kò sọ ẹrù di fífúyẹ́, ṣùgbọ́n ó ń jẹ́ kí orí lè gbà á, ó sì ń jẹ́ kí ẹrù dúró láìyẹ̀. Ọmọ títọ́ ni ẹrù. Àṣẹ ni òṣùká. Ọ̀pọ̀ òbí tí ó wà lókè òkun ti gbé ẹrù lé ìyá wọn lórí, ṣùgbọ́n wọ́n mú òṣùká dání lọ.

A ti jókòó pẹ̀lú àwọn ìdílé lórí irú ọ̀rọ̀ yìí ju ẹ̀ẹ̀kan lọ. Ọmọ ọdún 13 ń tẹ fóònù títí di aago kan òru. Ìyá àgbà gba fóònù náà lọ́wọ́ rẹ̀. Lọ́jọ́ kejì, ọmọ náà yá fóònù ọ̀rẹ́, ó pe ìyá rẹ̀ ní ìlú òyìnbó, ó sì sunkún. Ìyá rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ibi iṣẹ́ alẹ́ dé ni, ó ti rẹ̀ ẹ́, àárò ọmọ sì ń sọ ọ́. Ó pe ìyá àgbà, ó ní, “Màámi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fún un ní fóònù rẹ̀. Ayé ti yí padà, ẹ̀yin kò mọ bí nǹkan ṣe ń lọ nísinsìnyí.” Ọmọ náà dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́, ó ń gbọ́. Ìyá àgbà dá fóònù padà. Láti ọjọ́ náà, ohunkóhun tí ó bá wí nínú ilé náà, ìdáhùn kan ṣoṣo ni ó ń gbà: “Màá sọ fún Mọ́mì.”

Ẹ̀yin ará, ìyá ọmọ náà kò ní èrò ibi. Ó fẹ́ kí ọmọ òun mọ̀ pé òun fẹ́ràn rẹ̀. Ṣùgbọ́n ìfẹ́ tí ó ń wó ògiri tí ó yí ọmọ ká ń ṣe ọmọ náà ní ibi. Owó ń bọ̀ láti òkè òkun lóṣooṣù, a dúpẹ́ fún un. Ṣùgbọ́n owó kò lè sọ “rárá” fún ọmọdé. Ènìyàn ni ó ń sọ ọ́, ẹni náà sì gbọ́dọ̀ ní àṣẹ láti sọ ọ́.

SÍ Ẹ̀YIN ÒBÍ TÍ Ẹ WÀ NÍ Ọ̀NÀ JÍJÌN

1. Ẹ dojú bolẹ̀ bíi Jósẹ́fù. Kí ẹ tó lọ, ẹ pe àwọn ọmọ jọ, kí ẹ sọ níwájú wọn pé ohun tí ìyá àgbà bá sọ ni ẹ sọ. Bí ẹ bá ti lọ, ẹ tún un sọ lórí fóònù. Bí ẹ kò bá fara mọ́ ohun tí àgbà ṣe, ẹ dúró títí ọmọ yóò fi sùn, kí ẹ tó pe Màámi láti bá a sọ ọ́ pẹ̀lú ọ̀wọ̀.

2. Ẹ kọ ọ́ sínú ìwé. Bí ara ọmọ kò bá yá ní òru, tí dókítà sì ń béèrè ẹni tí yóò fọwọ́ sí ìwé, kí ni ìyá àgbà yóò fi hàn? Ẹ kọ ìwé tí ẹ fọwọ́ sí, kí ẹ jẹ́ kí agbẹjọ́rò bá yín ṣe é, tí ó sọ pé ẹni báyìí ni ó dúró fún yín ní ilé-ẹ̀kọ́ àti ní ilé-ìwòsàn. Ẹ fi ìwé ìbí ọmọ àti ìwé àjẹsára rẹ̀ sí ọwọ́ àgbà. Òfin Ẹ̀tọ́ Ọmọdé tí orílẹ̀-èdè wa ṣe ní ọdún 2003, èyí tí Ìpínlẹ̀ Èkó ṣe tirẹ̀ ní ọdún 2007, fi ire ọmọ ṣíwájú nínú gbogbo ọ̀rọ̀ tí ó kàn án. Ó yẹ kí onígbàgbọ́ lè ṣe jù bẹ́ẹ̀ lọ.

3. Ẹ ya owó ìyá àgbà sọ́tọ̀. Owó ilé-ẹ̀kọ́ kì í ṣe owó Màámi. Owó oúnjẹ àwọn ọmọ kì í ṣe owó oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru. Ìyá tí ó ń fi owó oògùn ara rẹ̀ ra ìwé fún ọmọ yín kì yóò sọ fún yín. Ẹ béèrè. Bí agbára yín bá ká a, ẹ wá ọ̀dọ́mọbìnrin kan tí yóò máa pọn omi, tí yóò sì máa fọ aṣọ. Pọ́ọ̀lù sọ nínú 1 Tímótì 5:4 pé kí ọmọ àti ọmọ ọmọ kọ́kọ́ fi ìwà-bí-Ọlọ́run hàn nínú ilé, kí wọ́n sì san oore fún àwọn òbí wọn. Òkété tí ó dàgbà, ọmú ọmọ rẹ̀ ni ó yẹ kí ó máa mu, kì í ṣe pé kí ọmú tirẹ̀ tún bẹ̀rẹ̀ sí ṣàn.

4. Ẹ máa pe ìyá àgbà fúnra rẹ̀. Nínú ọ̀pọ̀ ilé, bí fóònù bá dún, “Ẹ fún mi ní àwọn ọmọ” ni ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́. Ẹ bi í bí ó ti sùn. Ẹ bi í nípa orúnkún rẹ̀. Ẹ gbàdúrà pẹ̀lú rẹ̀ kí ẹ tó bá ọmọ sọ̀rọ̀.

SÍ Ẹ̀YIN ÌYÁ ÀTI BÀBÁ WA

Ẹ̀yin àgbà, ọ̀rọ̀ kàn yín náà, a sì ń bẹ̀ yín pẹ̀lú ìrẹ̀lẹ̀ ọmọ.

Ẹ má kẹ́ ọmọ bàjẹ́ nítorí àánú pé kò sí ìyá rẹ̀ nítòsí. Élì fẹ́ràn àwọn ọmọ rẹ̀, ṣùgbọ́n kò dá wọn lẹ́kun, ẹ sì mọ bí ọ̀rọ̀ náà ti parí. Ọmọ tí a kò kọ́ ni yóò gbé ilé tí a kọ́ tà. Bákan náà, ẹ má fi ìbínú ara ríro na ọmọ. Bí ó bá rẹ̀ yín, ẹ sọ pé ó rẹ̀ yín.

Ẹ má sọ̀rọ̀ òbí láìdára létí ọmọ. Bí owó bá pẹ́ kí ó tó dé, ọmọ kò gbọdọ̀ gbọ́ ọ lẹ́nu yín pé baba rẹ̀ ti gbàgbé rẹ̀. Nígbà tí Rúùtù bí Óbédì, Náómì gbé ọmọ náà sí àyà rẹ̀, ó di olùtọ́jú rẹ̀, àwọn obìnrin àdúgbò tilẹ̀ ń sọ pé Náómì ni ó bí ọmọ. Síbẹ̀, nígbà tí a ka ìran ilé náà, ọmọ Bóásì ni a kọ Óbédì sí. Ẹ gbé ọmọ sí àyà, ṣùgbọ́n ẹ máa pe orúkọ òbí rẹ̀ sí i létí. Ọjọ́ kan ń bọ̀ tí ọmọ náà yóò lọ bá wọn. Bí ẹ bá ti ba orúkọ wọn jẹ́, ta ni yóò lọ bá?

Ẹ bá wọn sọ Yorùbá. Ẹ pa ààlọ́ fún wọn, ẹ ki oríkì wọn, ẹ kọ́ wọn bí a ti ń dọ̀bálẹ̀ àti bí a ti ń kúnlẹ̀. Ju gbogbo rẹ̀ lọ, ẹ fún wọn ní ìgbàgbọ́. Ní ìlú àwọn kèfèrí ni Tímótì dàgbà, ní ìhà Lístírà. Gíríìkì ni baba rẹ̀, Júù tí ó gba Jésù gbọ́ sì ni ìyá rẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí Pọ́ọ̀lù ń sọ ibi tí ìgbàgbọ́ Tímótì ti wá, Lóìsì ìyá àgbà ni ó kọ́kọ́ dárúkọ, kí ó tó dé orí Yúníkè ìyá rẹ̀. Kò sí ìwàásù Lóìsì kan tí a kọ sílẹ̀ fún wa. Ọmọ ọmọ rẹ̀ ni ìwàásù rẹ̀.

Ẹ̀yin bàbá àgbà, iṣẹ́ yìí kì í ṣe ti obìnrin nìkan. Jákọ́bù ni a kà nípa rẹ̀ lókè yìí, ọkùnrin sì ni. Ọmọkùnrin tí baba rẹ̀ wà ní ọ̀nà jíjìn nílò ọkùnrin tí yóò bá a rìn lọ sí ilé Ọlọ́run, tí yóò yẹ ìwé iṣẹ́ àṣetiléwá rẹ̀ wò, tí yóò sì kọ́ ọ bí a ti ń gba àṣìṣe ẹni.

BÍ ÌYÁ ÀGBÀ BÁ NI Ó RÌNRÌN-ÀJÒ

Àwọn ìyá kan nínú ìjọ wa ti lọ sí òkèèrè láti lọ wẹ ọmọ tuntun. Ẹ̀yin ọmọ tí ẹ pè wọ́n, ẹ rántí pé àlejò àbẹ̀wò ni òfin mọ̀ wọ́n sí. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, oṣù mẹ́fà ni ìwé àbẹ̀wò sábà máa ń fún ènìyàn lẹ́ẹ̀kan. Láti ọjọ́ 9 oṣù Keje ọdún 2012 ni wọ́n sì ti mú un nira gidigidi láti mú òbí arúgbó wá gbé níbẹ̀ títí: ó gbọ́dọ̀ hàn pé òbí náà kò lè tọ́jú ara rẹ̀, àti pé kò lè rí ìtọ́jú tí ó nílò gbà ní ìlú rẹ̀. Kánádà ní tirẹ̀ ní ìwé àkànṣe fún òbí àti òbí àgbà láti ọdún 2011. Láti ọdún 2022, ènìyàn lè fi í gbé ibẹ̀ fún ọdún márùn-ún lẹ́ẹ̀kan. Ẹ má tan òfin jẹ, ẹ má sì jẹ́ kí ìyá yín kọjá ọjọ́ tí a fún un.

Ẹ rántí pẹ̀lú pé ìyá ni ẹ pè, ẹ kò gba ọmọ ọ̀dọ̀. Ìyá tí ó ní ìsọ̀ ní Kétu, tí ó ní ẹgbẹ́ nínú ìjọ, tí gbogbo àdúgbò ń kí ní òwúrọ̀, ni ẹ tì mọ́ yàrá pẹ̀lú ọmọ ọwọ́ ní ìgbà òtútù. Ẹ mú un lọ sí ìjọ. Ẹ mú un rìn. Ẹ fún un ní ọjọ́ ìsinmi tirẹ̀. Bí ó bá bá ọmọ yín sọ Yorùbá, ẹ má dá a lẹ́kun.

IṢẸ́ ÌJỌ

Ẹnìkan ni ó ń bí ọmọ, igba ènìyàn ni ó ń tọ́ ọ. Níbo ni àwọn igba náà wà bí kò bá ṣe nínú ìjọ? Kí àwọn olùkọ́ ọmọdé mọ ọmọ tí ó wà lọ́dọ̀ òbí àgbà. Kí ẹgbẹ́ ọ̀dọ́ yan ẹni tí yóò máa bá wọn ṣe iṣẹ́ àṣetiléwá, nítorí ìṣirò òde òní ju ti Màámi lọ. Kí ẹgbẹ́ obìnrin rere ya ọ̀sán kan sọ́tọ̀ lọ́sẹ̀ láti gba àwọn ọmọ mọ́ra, kí ìyá àgbà lè sùn. Bí ìpàdé òbí bá wà nínú ìjọ, kí a má ṣe fi òbí àgbà sílẹ̀ lóde.

A sì ní ọ̀rọ̀ kan tí a kì í sábà sọ. Bí ìwé ìrìnnà bá jáde, ọmọ yóò lọ. A ó ṣe ìdúpẹ́, a ó jó, a ó sìn wọ́n dé pápákọ̀ òfuurufú ní Ìkẹjà. Lẹ́yìn náà, ìyá àgbà yóò padà sí Ìkòsì nìkan. Yóò se oúnjẹ, oúnjẹ yóò pọ̀ jù. Yóò jí ní aago márùn-ún láti pe ọmọ kí ó wẹ̀ fún ilé-ẹ̀kọ́, kò sí ẹni tí yóò dá a lóhùn. Ọmọ náà pẹ̀lú yóò dé ọ̀dọ̀ ìyá tí ó bí i, àárò ìyá tí ó tọ́ ọ yóò sì máa pa á lẹ́kún ní òru. Ẹ̀yin òbí, ẹ má bínú sí ẹkún náà. Kì í ṣe pé ọmọ kọ̀ yín. Ẹ jẹ́ kí ó máa pe ìyá àgbà nígbàkúùgbà tí ó bá fẹ́, ẹ má sì dín owó Màámi kù nítorí pé àwọn ọmọ ti kúrò lọ́dọ̀ rẹ̀. Bí a bá sọ ẹrù kalẹ̀, a kì í sọ orí tí ó gbé e nù. Ẹ̀yin ará ìjọ, ẹ lọ kí i ní ọ̀sẹ̀ náà gan-an.

FÚN ÌJÍRÒRÒ NÍNÚ ILÉ

1. Ta ni ó ń tọ́ ọmọ nínú ilé wa, ta ni ó sì ní àṣẹ? Ṣé ẹnìkan náà ni?
2. Bí àìsàn bá dé ní òru òní, ìwé wo ni ó wà lọ́wọ́ òbí àgbà?
3. Nígbà wo ni a ti bi ìyá tàbí bàbá wa léèrè àlàáfíà ara wọn gbẹ̀yìn?

ÀDÚRÀ

Baba wa ọ̀run, Ọlọ́run Ábúráhámù, Ísáákì àti Jákọ́bù, ìwọ tí ó ń jẹ́ Ọlọ́run ìran dé ìran, a gbé gbogbo òbí àgbà tí ọmọ ọmọ wà lọ́wọ́ wọn wá síwájú rẹ. Fi agbára tuntun fún orúnkún wọn. Fún àwọn òbí tí ó wà ní ọ̀nà jíjìn ní ọkàn Jósẹ́fù, kí wọ́n lè bu ọlá fún àwọn tí ó ń bá wọn gbé ẹrù. Pa àwọn ọmọ mọ́, kí o sì tún kó wọn jọ sọ́dọ̀ àwọn òbí wọn ní àkókò rẹ, pẹ̀lú ìgbàgbọ́ tí kò bàjẹ́. Ní orúkọ Jésù Kristi Olúwa wa. Àmín.